Bí Mo Ṣe Fi Ọ̀wọ̀ Ti Ọ̀gá Mi Mọ́ Ìta

Ọjọ́ kan wà tí n kò ní gbàgbé, bí mo tilẹ̀ gbàgbé orúkọ tí bàbá mi sọ mí. Ọjọ́ Jímọ̀ ni, ní Èrúwà, nígbà tí àwọn ọdún 1990 ń lọ sópin. Nígbà náà, àwọn tó mọ kọ̀ǹpútà lò kò tíì pọ̀ nílẹ̀ Ìbàràpá, èmi sì wà lára àwọn díẹ̀ tó mọ̀ ọ́n. Mo mọ̀ pé mo wà lára wọn, n kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Oṣù mẹ́ta péré ni mo fi kọ́ ọ n'Ibàdàn, àmọ́ bí ẹ bá rí bí mo ṣe ń rìn kọjá lójú títì, bírò méjì lápò ẹ̀wù, páálí ìkówèésí lábíyá, ẹ ó rò pé èmi ni mo ṣe ẹ̀rọ náà.

Iléeṣẹ́ kékeré kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́, lójú ọ̀nà Lánlátẹ̀. Iṣẹ́ wa kò ju kí á pín igi ẹ̀gẹ́ tuntun fún àwọn àgbẹ̀ tó bá ti forúkọ sílẹ̀ lọ, irú ẹ̀gẹ́ tó ń ta dáadáa tí àrùn kì í tètè bà jẹ́. Àwa mẹ́rin la wà níbẹ̀. Àlàájì Ràjí ni ọ̀gá wa, àgbàlagbà kan tí kì í pariwo, tó jẹ́ pé tí inú bá bí i, ńṣe ni ohùn rẹ̀ túbọ̀ máa ń lọ sílẹ̀. Màmá Fúnkẹ́ ni akọ̀wé. Wọ́n ti ṣe tíṣà fún ọdún pípẹ́ kí wọ́n tó wá bá wa, bírò pupa kò sì fìgbà kan kúrò lọ́wọ́ wọn. Àní ìwé ìpolówó tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ìta, wọ́n ti sàmì sí i. Bàbá Ìbejì ló ń tọ́jú ilé ìkẹ́rù. Èmi ni mo kéré jù, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà mí fún oṣù mẹ́fà ná, kí wọ́n fi wò ó bóyá mo wúlò. Oṣù karùn-ún la wà nígbà tí ohun tí mò ń wí yìí ṣẹlẹ̀.

Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Morẹ́nikẹ́ ló wá láti Ibàdàn wá bá wa fi wáyà so kọ̀ǹpútà wa mẹ́ta pọ̀. Ọjọ́ orí wa ò jura lọ, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ yá ju tèmi lọ jìnnà. Kọ̀ǹpútà àgbà wà ní yàrá inú, òun sì ni àwọn méjì tó kù ń gbọ́ tirẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó lè rí ohunkóhun lójú ẹ̀rọ, yóò kọ́kọ́ tẹ orúkọ rẹ̀, yóò sì tẹ ọ̀rọ̀ àṣírí tí òun nìkan mọ̀. Kọ̀ǹpútà àgbà yóò wá lọ yẹ fáìlì kan wò, tí wọ́n to orúkọ gbogbo wa sí, ìlà kan fún ẹnì kan. Bí ohun tí o tẹ̀ bá bá ohun tó wà nínú fáìlì mu, ilẹ̀kùn á ṣí. Bí kò bá bá a mu, ó di kí o tún un tẹ̀. Bí o bá sì ṣì í lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀rọ náà á ti ilẹ̀kùn mọ́ orúkọ àti ọ̀rọ̀ àṣírí tí o fi gbìyànjú títí di ọjọ́ kejì.

Èmi ni Morẹ́nikẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú fáìlì yìí. Ohun tó tẹnu mọ́ jù ni pé n kò gbọ́dọ̀ fi àlàfo sáàárín orúkọ, àti pé nígbàkígbà tí mo bá ti fọwọ́ kan án, kí n ní kí ẹ̀rọ náà yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó pa á dé. Tí àṣìṣe bá wà níbẹ̀, ẹ̀rọ á sọ ìlà tó wà. "Kò le rárá," ló wí. "Má sáà fi nǹkan mìíràn kún un." Mo mi orí bí ọ̀mọ̀wé.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Jímọ̀ yẹn, Àlàájì pè mí sí ọ́fíìsì wọn. Wọ́n ní ọkọ̀ igi ẹ̀gẹ́ ń bọ̀ láàárọ̀ ọ̀la, kí n fi orúkọ Bàbá Ìbejì kún àwọn tó lè wọ kọ̀ǹpútà, kí baba náà lè máa wo orúkọ àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn nílé ìkẹ́rù. Ọ̀rọ̀ orúkọ yẹn jẹ Àlàájì lógún púpọ̀. Lọ́dún tó ṣáájú, ẹnu la fi pín igi ẹ̀gẹ́. Ẹnì kan gbà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹlòmíràn tó ti kọ ebè sílẹ̀ kò rí ẹyọ kan, àwọn àgbà méjì sì di ara wọn lẹ́wù mú níwájú ilé iṣẹ́ wa. Àlàájì wá búra pé láyé òun, ẹyọ igi kan kò ní jáde mọ́ láìsí ìwé orúkọ tí kọ̀ǹpútà tẹ̀ jáde. Fọ́ọ̀mù tí àwọn àgbẹ̀ fọwọ́ kọ sì ti lọ sí Ibàdàn. Inú ẹ̀rọ nìkan ni orúkọ wọn wà.

Mo ṣí fáìlì náà. Ẹ̀rù bà mí. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa fara balẹ̀ kà á nìyẹn. Ní ìlà àkọ́kọ́, ohun tí Morẹ́nikẹ́ kọ ni "raji". Bẹ́ẹ̀ gan-an, ráúráú, bí ìgbà tí ènìyàn ń pe ọmọ tó ń fi yẹ̀pẹ̀ ṣeré. Ẹni tó ti lọ Mẹ́kà, tó ti bí ọmọ tó bímọ. Ní ìlà kejì, Màmá Fúnkẹ́ wà níbẹ̀ lórúkọ tí bàbá wọn sọ wọ́n, láìsí ìyá, láìsí ìyàwó ilé. Mo wo ẹ̀yìn mi bóyá ẹnikẹ́ni ń bọ̀. Mo ní lọ́kàn ara mi pé àwọn ọmọ Ibàdàn wọ̀nyí ò lẹ́kọ̀ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa bí wọ́n ṣe tọ́ mi. Ìyá Ràṣídì, àbúrò bàbá mi, ló wò mí dàgbà. Tí mo bá pe ẹni tó fi ọdún kan jù mí lọ lórúkọ, ìkó ọwọ́ wọn á ti dé àtàrí mi kí n tó pe orúkọ náà tán. N kò lè rí orúkọ àgbàlagbà lásán kí ara mi má bù máṣọ. Nítorí náà, nígbà tó jẹ́ pé Morẹ́nikẹ́ ní kí á máa yẹ fáìlì wò fún àṣìṣe, mo rí àṣìṣe. Mo sì tún un ṣe. Mo fi "Alhaji" síwájú Ràjí, mo lẹ̀ wọ́n pọ̀ di ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, nítorí n kò fẹ́ rú òfin àlàfo. Mo fi "Mrs" síwájú Màmá Fúnkẹ́. Orúkọ Morẹ́nikẹ́, mo fi sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹgbẹ́ mi ni.

Ó wá ku Bàbá Ìbejì. Kò sí ẹnì kankan nínú wa tó mọ orúkọ wọn. Ọjọ́ tí wọ́n ti bí Táíwò àti Kẹ́hìndé ni orúkọ yòókù ti wọlẹ̀, ta ló sì máa dúró níwájú àgbàlagbà kó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí lorúkọ yín gan-an?" Mo kọ "BabaIbeji" síbẹ̀. Mo kọ ọ́ sórí páálí kékeré kan fún wọn pẹ̀lú, kí wọ́n lè mọ bí wọ́n á ṣe máa tẹ̀ ẹ́. Ó kù kí wọ́n yan ọ̀rọ̀ àṣírí.

"Ṣé àṣírí lo pè é?" Bàbá Ìbejì bi mí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n."

"Ìwọ náà ńkọ́?"

"Èmi náà, sà."

"Jáde, nígbà náà."

Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ mi. Mo dúró níta títí tí ẹsẹ̀ fi ń ro mí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni o, àmọ́ bí ẹni ń kọ lẹ́tà sí ọmọ tó wà lókè òkun ni wọ́n ṣe pẹ́ tó. Nígbà tí wọ́n jáde, òógùn bò wọ́n, wọ́n sì ti fi páálí mi sábẹ́ fìlà.

Mo tẹ gbogbo fáìlì náà sórí ìwé, mo gbé e lọ fún Màmá Fúnkẹ́, mo ní kí wọ́n bá mi yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí ojú méjì sàn ju ẹyọ kan. Wọ́n fi ìgò sójú, wọ́n ti ìka sábẹ́ ìlà àkọ́kọ́, wọ́n kà á síwájú, wọ́n kà á sẹ́yìn. Wọ́n mi orí. "Ìwọ lo fi Àlàájì yìí síbẹ̀?"

"Èmi ni, mà. Bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ ò dáa."

"O káre. Ó ṣe díẹ̀ tí mo ti rí ọmọ tí wọ́n tọ́." Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ dé ìlà tèmi, wọ́n sì fi bírò pupa fàlà sábẹ́ rẹ̀. "Àmọ́ kí ló dé tí ìwọ fi wà lásán? Ṣé o kì í ṣe òṣìṣẹ́ ni? Fi 'Mr' sí i."

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní n kò gbọ́dọ̀ rẹ ara mi sílẹ̀. Kí n má parọ́ fún yín, inú mi dùn. Mo padà síbi ẹ̀rọ, mo fi "Mr" síwájú orúkọ mi, mo wò ó títí. Lẹ́yìn náà mo ṣe bí Morẹ́nikẹ́ ṣe kọ́ mi, mo ní kí ẹ̀rọ yẹ fáìlì wò. Ó rò ó díẹ̀, ó ní kò sí àṣìṣe kankan. Mo pa jẹnẹrétọ̀, mo sì ń súfèé lọ sílé.

Ọkọ̀ ti dé kí n tó dé lọ́jọ́ Jímọ̀. Tirela kékeré ni, igi ẹ̀gẹ́ kún un dé òrùlé, wọ́n dì wọ́n ní ìdì ìdì, ọjọ́ kejì tí wọ́n gé wọn sì nìyẹn. Àwọn àgbẹ̀ ti kún àgbàlá. Àwọn kan wá láti abúlé lórí ọ̀kadà, àwọn kan ti sùn sí Èrúwà mọ́jú. Òjò ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ yẹn, gbogbo wọn ló ti kọ ebè. Mo rí Ìyá Ràṣídì láàárín wọn, wọ́n jókòó sórí àgbá tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Àwọn náà ti forúkọ sílẹ̀, wọ́n sì ti sọ fún gbogbo ẹni tó yí wọn ká pé ọmọ àwọn ló ń darí kọ̀ǹpútà.

Awakọ̀ náà kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ púpọ̀. "Àwọn ìlú míì ń dúró dè mí," ló sọ fún Àlàájì. "Bí wọ́n bá ti pe ìrun Jímọ̀, mo ti lọ nìyẹn. Tí ẹ ò bá tíì já a, mo máa gbé e lọ fún wọn. N ò ní jẹ́ kí nǹkan yìí gbẹ sórí ọkọ̀ mi."

"A máa ti ṣe tán kí aago mẹ́wàá tó lù," ni Àlàájì fèsì. Wọ́n wọlé, wọ́n jókòó, wọ́n tẹ orúkọ wọn bí wọ́n ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́ láti ọjọ́ tí Morẹ́nikẹ́ ti kọ́ wọn: raji. Wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ àṣírí. Ẹ̀rọ ní òun kò mọ̀ wọ́n.

Èmi ni mo dúró lẹ́yìn wọn. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, àmọ́ ọkàn mi kò tilẹ̀ lọ síbi fáìlì rárá. Ẹ̀rọ ti yẹ̀ ẹ́ wò, Màmá Fúnkẹ́ ti yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí àṣìṣe. Lójú tèmi, Àlàájì tí mo fi síwájú orúkọ wọn dà bíi fìlà: ẹni tó dé e àti ẹni tó ṣí i, ẹnì kan náà ni. Mo ní, "Ẹ tún un tẹ̀, sà. Bóyá ìka yín yẹ̀." Wọ́n tún un tẹ̀. Mo ní kí wọ́n rọra tẹ̀ ẹ́. Wọ́n rọra tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn di ọ̀la.

Mo ní kò burú, kí Màmá Fúnkẹ́ wọlé. Màmá Fúnkẹ́ tẹ orúkọ wọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta bíi tíṣà tó ń kọ ọ́ sójú pátákó, tí wọ́n ń pe lẹ́tà kọ̀ọ̀kan jáde. Ẹ̀rọ ti àwọn náà mọ́ta. Mo wá rẹ́rìn-ín ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe, mo jókòó, mo tẹ orúkọ tèmi, èyí tí mo ti ń tẹ̀ láti oṣù márùn-ún. Ó ní òun kò mọ̀ mí. Mo tún un tẹ̀. Òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ lára mi. Mo gbọ́ tí Ìyá Ràṣídì ń sọ lójú fèrèsé pé, "Ọmọ mi ló jókòó yẹn, ó máa yanjú ẹ̀ báyìí." Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta.

Mo kéde pé wáyà ni. Kò sí ohun tí mo fi mọ̀ pé wáyà ni, mo kàn nílò ibi tí mo lè fi ojú mi pamọ́ sí. Mo rá wọ abẹ́ tábìlì, mo ń fa èyí, mo ń ti tọ̀hún, títí mo fi gbọ́ tí ohun kan ya. Ìdí ṣòkòtò mi ni. Ìṣó kan ti fà á ya láti ìbàdí dé ibi tí n kò lè dárúkọ. Bí mo ṣe fẹ́ sáré dìde, mo fi orí gbá tábìlì, ife tíì Àlàájì sì dà sí mi lọ́rùn.

"Ṣé wáyà náà ni?" Àlàájì béèrè. Ohùn wọn ti lọ sílẹ̀ gan-an.

"Rárá, sà. Ẹ jẹ́ kí n lọ fi tẹlifóònù pe Morẹ́nikẹ́."

Ilé ìfìwéránṣẹ́ nìkan ni tẹlifóònù tó ń dún wà nítòsí. Mo mú ìwé tí mo tẹ fáìlì náà sí, mo fi sínú páálí ìkówèésí mi, mo fi páálí bo ìdí. Èrò mi ni kí n rọra gba ẹ̀gbẹ́ ògiri jáde. Àmọ́ àgbàlá kún fún àwọn àgbà, n kò sì lè kọjá lára wọn láì kí wọn. Mo dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Oníṣu. Páálí kúrò nípò. Mo gbọ́ tí àwọn obìnrin mí kanlẹ̀ lẹ́yìn mi. Mo dìde, mo rin ìṣísẹ̀ mẹ́ta, mo bá ìmáàmù àdúgbò wa pàdé, mo tún dọ̀bálẹ̀. Ìgbà tí mo fi máa dé ẹnu ọ̀nà, àwọn tó wà lápá ọ̀tún ti rí i, àwọn ti apá òsì náà sì ti rí i.

Ìyá Ràṣídì mú mi lápá. "Ta ló ya ṣòkòtò rẹ?"

"Kọ̀ǹpútà ni, mà."

Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. "Ṣé igi ẹ̀gẹ́ wa ò ní bá a lọ báyìí?" Wọn kò fi ṣeré. Ẹ̀yìn ara wọn ni wọ́n fi kọ gbogbo ebè yẹn, wọn kò lówó alágbàṣe. Ojú tì mí ju ti ṣòkòtò lọ.

Èèyàn mẹ́ta ló ṣáájú mi nídìí tẹlifóònù. Ẹnì kan nínú wọn ń sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí wọ́n ṣe tọ́jú ewúrẹ́ kan tó bí ọmọ mẹ́ta, láti ìbẹ̀rẹ̀ oyún náà. Nígbà tó kàn mí, aago mọ́kànlá ti kọjá. Morẹ́nikẹ́ gbé e. Mo ro gbogbo ẹjọ́, mo ní ẹ̀rọ rẹ̀ ti bàjẹ́.

"Ṣé o fọwọ́ kan fáìlì yẹn?"

"Mo fi orúkọ ẹnì kan kún un. Mo sì ní kí ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kò sí àṣìṣe."

"Kà á sí mi létí."

Láti kà á, mo ní láti yọ páálí kúrò lẹ́yìn. Mo fẹ̀yìn ti ògiri. Mo ní, "Ìlà kìíní: Àlàájì Ràjí."

"Má bọ̀wọ̀ fún wọn fún mi. Ohun tó wà níbẹ̀ gan-an ni kí o kà."

"Ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Àlàájì Ràjí."

Ó wá béèrè jẹ́jẹ́ pé, "Àwọn fúnra wọn, nígbà tí wọ́n ń tẹ orúkọ wọn, ṣé wọ́n tẹ Àlàájì?"

Ibẹ̀ ni ọpọlọ mi tó wá sílé. Mo rí ara mi ní Ọjọ́bọ̀, tí mò ń fi fìlà dé wọn lórí níkọ̀ọ̀kan, mo sì rí "Mr" tí mo fi tẹ́ ara mi lọ́rùn. Mo ní, "Rárá, wọn ò tẹ̀ ẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín kékeré. Ó ní, "Ẹ̀rọ yẹn ò parọ́, ìlà rẹ dára, kò sí àlàfo níbẹ̀. Ó mọ bí orúkọ ṣe ń rí, kò mọ ẹni tó ni ín. O ti sọ ọ̀gá rẹ di ẹlòmíràn." Mo ní kí ló kù tí mo lè ṣe, pé ilẹ̀kùn ti tì mọ́ àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ọ̀la. Ó ní orúkọ tòun kò ṣiṣẹ́ mọ́ láti ìgbà tí òun ti parí iṣẹ́ níbẹ̀. "Ẹni tí o fi kún un ńkọ́? Ṣé òun ti gbìyànjú?"

N kò mọ ìgbà tí mo ju tẹlifóònù sílẹ̀. Mo sáré padà láìfi páálí bo nǹkankan.

Bàbá Ìbejì wà nílé ìkẹ́rù, wọ́n jókòó sórí àpò òfìfo, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà. Kò sẹ́ni tó rántí wọn láti àárọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú wọn, mo ní àwọn nìkan ló lè gbà wá. Wọ́n gbọn ẹ̀pà kúrò lẹ́wù, wọ́n dìde, wọ́n tẹ̀lé mi. Wọ́n jókòó síbi tí Àlàájì ti dìde, wọ́n ṣí fìlà, wọ́n yọ páálí kékeré yẹn. Wọ́n wo Àlàájì. Wọ́n wo Màmá Fúnkẹ́. Wọ́n wò mí.

"Ẹ jáde," ni wọ́n wí.

"Bàbá Ìbejì, àsìkò ń lọ o," ni Àlàájì sọ.

"Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Ẹ bi ọmọ yìí."

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá iléeṣẹ́, akọ̀wé àti èmi ṣe jáde, tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ wa, tí wọ́n sì fa kọ́tìnnì fèrèsé lé àwọn àgbẹ̀ lójú. Ohun tí à ń gbọ́ kò ju ìka kan ṣoṣo lọ: kó. Yóò pẹ́. Kó. Awakọ̀ ti jókòó sídìí ọkọ̀, ó ti yí kọ́kọ́rọ́ sí i. Ní mọ́ṣáláṣí, ẹnì kan ń gbá ẹ̀rọ gbohùngbohùn wò, fù, fù. Ìyá Ràṣídì di ọwọ́ mi mú, ọwọ́ wọn sì gbóná. Ká ní mo mọ àdúrà tí wọ́n ń gbà fún ìka ènìyàn, ǹ bá ti gbà á.

Ilẹ̀kùn ṣí. Bàbá Ìbejì yọjú. "Ó ní kí n máa bọ̀," ni wọ́n wí.

Mo fò wọlé. Orúkọ àwọn àgbẹ̀ wà lójú ẹ̀rọ, gbogbo wọn pátá. Nígbà tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í han, àwọn tó wà níta hó yéè bí ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá dé. Màmá Fúnkẹ́ ń pe orúkọ, Bàbá Ìbejì ń gbé ìdì igi fún wọn, èmi ń sàmì. Ìdì tó gbẹ̀yìn ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí ọkọ̀ ni ìpè ìrun dún. Ìyá Ràṣídì ru tiwọn, wọ́n yọ ìborùn wọn, wọ́n so ó mọ́ mi ní ìbàdí láti ẹ̀yìn, wọ́n sì lọ sóko.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, Àlàájì ní kí n wá sí yàrá inú. Mo ti jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún wọn lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, wọ́n sì ní kí n máa lọ sílé ná. Mo ti di ẹrù mi lọ́kàn. Wọ́n dúró lẹ́yìn àga, wọ́n ní kí n ṣí fáìlì náà. Mo tẹ orúkọ mi pẹ̀lú "Mr" tó gbé mi ṣubú, ó sì gbà mí wọlé.

"Gẹ́gẹ́ bí mo ṣe gbọ́ ọ," ni wọ́n wí, jẹ́jẹ́, "o bọ̀wọ̀ fún mi títí mi ò fi lè wọ ilé ara mi. Yọ Àlàájì yẹn kúrò."

Mo gbé ìka sókè, ìka kò lọ. Mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ṣé ẹ ò ní kọ́kọ́ bọ́ síta ni?"

"N ò lọ síbì kankan. Pè mí lórúkọ."

Mo dìde lórí àga. Mo dọ̀bálẹ̀ fún wọn lórí sìmẹ́ńtì, mo dìde, mo jókòó, mo sì yọ ọ́ kúrò, ó ku raji. Mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn mi, mo rò pé wọ́n ń wúkọ́. Ẹ̀rín ni. Oṣù márùn-ún, n kò tíì gbọ́ ọ rí. Wọ́n rín in títí wọ́n fi di ẹ̀yìn àga mú, Màmá Fúnkẹ́ sì wá yọjú pé kí ló dé. Àlàájì ní kí wọ́n dúró, ó ku tiwọn. Mo tún dọ̀bálẹ̀. Nígbà tí mo ṣe tán, mo ní kí ẹ̀rọ yẹ fáìlì wò. Ó ní kò sí àṣìṣe kankan, bó ṣe sọ ọ́ gan-an ní Ọjọ́bọ̀.

Wọn kò lé mi. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ kò sì kúrò lára mi: tí mo bá fẹ́ kí ẹnì kan bá mi wá àṣìṣe, n kì í gbé e fún ẹni tí wọ́n tọ́ bí wọ́n ṣe tọ́ mi. Ohun tí ojú mi ò rí, ojú tirẹ̀ náà ò ní rí i. Ńṣe la máa jọ kí ara wa kú iṣẹ́. Títí dòní, mo ti tẹ orúkọ àgbàlagbà tó pọ̀ sínú irú fáìlì bẹ́ẹ̀, ráúráú, láìsí oyè, bí ẹ̀rọ ṣe fẹ́ ẹ. Àmọ́ kí n tó tẹ̀ ẹ́, mo máa ń gbé ìdí kúrò lórí àga díẹ̀, mo máa ń tẹrí ba. Ẹ má rẹ́rìn-ín mi jù. Mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń wò mí nínú yàrá, àmọ́ mo ṣì máa ń fọwọ́ pa àtàrí mi kí n tó jókòó padà.